Ojú Ìwé Ìbéèrè: Olómi-òjò, Òdòdó Ẹnu Ọgbà Tí Kóró Rẹ̀ Léwu fún Ọkàn

Lẹ́tà tó wọlé lórí igi òdòdó tí àwọn kan ń pè ní olómi-òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbogbo ojú ìwé ìbéèrè oṣù yìí sílẹ̀ fún un. Igi yìí ni ọ̀pọ̀ ilé gbìn yí ọgbà wọn ká láti Èkó dé Ìlọrin. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Thevetia peruviana, àwọn ìwé tuntun sì ń kọ ọ́ ní Cascabela thevetia. Igi kan náà ni. A gé àwọn lẹ́tà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ta igi kan fún mi, ó ní Allamanda ni. Àbúrò mi rí i, ó ní olómi-òjò ni, pé kí n yára hú u. Òdòdó yẹ́lò ni méjèèjì, wọ́n jọra lójú mi. Kí ni kí n wò?
— Olùkọ́, Òṣogbo

Ẹ fi òdòdó sílẹ̀ ná, ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ewé olómi-òjò tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ìbú rẹ̀ kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ lára ẹ̀ka, wọ́n á máa yí ẹ̀ka po bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ẹ ò ní rí ewé méjì tó yọ láti ojú kan náà. Ewé Allamanda fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì sábà máa ń yọ yí ojú kan ká. Bákan náà, ẹ̀ka Allamanda máa ń wá nǹkan tó máa fà mọ́, ògiri ni o tàbí igi mìíràn. Olómi-òjò á dá dúró ní tirẹ̀, ó máa ń ga tó mítà 2 sí 6, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá gé e.

Òdòdó wọn náà yàtọ̀ béèyàn bá fara balẹ̀ wò ó. Ti Allamanda máa ń là gbalaja, ewé òdòdó márààrún á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti olómi-òjò kì í là tán: àwọn ewé òdòdó náà á lọ́, wọ́n á gun orí ara wọn, gbogbo rẹ̀ á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Ẹ má fi àwọ̀ dá a mọ̀ o, nítorí èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú àti èyí tó funfun wà.

Oje funfun tó ń jáde nígbà tí ẹ bá já ewé kò lè ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀, torí pé àwọn méjèèjì ló ní in. Ohun tó wúlò fún ni láti yọ Tecoma stans kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Tecoma yẹ́lò bákan náà, ṣùgbọ́n kò ní oje funfun, ewé rẹ̀ sì pín kéékèèké lórí ọ̀pá ewé kan, etí wọn ní eyín wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́. Igi kẹrin tó máa ń da èèyàn lójú rú ni Nerium oleander. Òdòdó tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pupa, funfun tàbí àwọ̀ píǹkì, ewé rẹ̀ nípọn, ó le, mẹ́ta-mẹ́ta ló sì ń yọ lójú kan. Májèlé ọkàn ni Nerium náà, kò yàtọ̀ sí olómi-òjò ní ti ewu.

Èso ló máa parí àríyànjiyàn láàárín ẹ̀yin àti àbúrò yín. Èso olómi-òjò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó ní igun, ìlà kan là á kọjá. Àwọn ará Brazil ń pè é ní chapéu-de-napoleão, ìyẹn fìlà Napoleon, bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọ̀ ewé tó ń dán ló máa ń ní, tó bá pọ́n tán á rọ̀, á sì dúdú. Kóró líle kan wà nínú rẹ̀, ọmọ méjì sí mẹ́rin ló sì wà nínú kóró náà. Èso Allamanda ní ẹ̀gún lára, ti Tecoma àti ti Nerium gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ti yín kò bá tíì so, ewé tí a sọ yẹn ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ Allamanda ni, ẹ jẹ́ kó wà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òun náà máa ń mú kí inú ṣu gidi tí èèyàn bá jẹ ẹ́, oje rẹ̀ sì máa ń yún ara àwọn kan.

Igi yìí ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Igi ilẹ̀ wa ni, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í ṣe àsọdùn àwọn oníwèé ìròyìn ni?
— Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, òótọ́ ni ohun tí ẹ rí, ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rò. Olómi-òjò kì í ṣe ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ibi. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló wà nínú ewu. Ewé rẹ̀ korò burúkú, kóró rẹ̀ sì le débi pé eyín ọmọdé kì í sábà ràn án. Ohun méjèèjì yìí ló ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ-ọmọ yín, kì í ṣe pé igi náà kò lóró.

Igi ilẹ̀ wa kọ́ náà ni. Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà Àárín ni orírun rẹ̀, ọgbà ọ̀ṣọ́ ló sì gbé e káàkiri àwọn ilẹ̀ olóoru ayé. Thevetia tí wọ́n sọ ọ́ jẹ́ orúkọ André Thevet, àlùfáà ará Faransé kan tó dé Brazil ní ọdún 1555.

Ní ti oró rẹ̀: gbogbo ara igi náà ló ní in, ewé, òdòdó, èèpo, gbòǹgbò àti oje, ṣùgbọ́n inú ọmọ kóró ló pọ̀ sí jù. Thevetin A, thevetin B, neriifolin àti peruvoside wà lára àwọn èròjà náà. Ohun kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó máa ń ti sódíọ̀mù síta, tó sì ń fa potáṣíọ̀mù wọlé, iyọ̀ ara ni méjèèjì. Àwọn èròjà wọ̀nyí ló máa ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Sódíọ̀mù á wá kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì, kálísíọ̀mù á pọ̀ níbẹ̀, potáṣíọ̀mù á sì máa ga nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlù ọkàn á dàrú: á falẹ̀, á máa fò, nígbà mìíràn á sáré lódì, ó sì lè dúró. Digoxin, oògùn tí àwọn dókítà ń fún àwọn kan tó ní àìsàn ọkàn, ń gba ọ̀nà yìí kan náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe kéré tó: hóró kan kì í sábà ju ìdá mẹ́rin mílígíráàmù lọ, dókítà á sì tún máa ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Kò sẹ́ni tó wọn èyí tó wà nínú kóró ẹnu ọgbà yín. Ti kóró kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní sọ iye tí kò léwu fún ẹnikẹ́ni.

Sri Lanka wà lára ibi tí àwọn dókítà ti mọ iṣẹ́ oró yìí jù lágbàáyé. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn tó jẹ kóró náà lọ sílé ìwòsàn níbẹ̀. Àsọdùn kọ́, Bàbá.

Tí ẹ bá fẹ́ kí igi náà wà, ẹ má jẹ́ kó so. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gé àwọn òdòdó tó ti rọ kúrò kí wọ́n tó di èso, kí ẹ sì gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́. Kóró tó ti jábọ́ tí ewé gbígbẹ bò mọ́lẹ̀ ni èèyàn máa ń gbàgbé, ó sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó jẹrà. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá ń wá sílé yín déédéé, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ hú u.

Ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, mú èso rẹ̀ tó dúdú sẹ́nu, ó ti jẹ díẹ̀ kí a tó rí i. Ìyá àgbà ní ká fún un ní epo pupa, aládùúgbò ní mílíìkì. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò ṣe é ní nǹkan. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì?
— Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

A bá yín dúpẹ́, Ìyá Ìbejì. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì.

Epo pupa kì í pa oró yìí, kì í sì í fà á jáde lára. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ọmọ á bì, nígbà tó bá sì ń bì, epo lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn tí ìyẹn ń fà le láti wò, àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Mílíìkì kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. Omi oníyọ̀ léwu fún ara rẹ̀, pàápàá fún ọmọdé. Èédú tí wọ́n lọ̀ nínú ilé kì í ṣe irú èédú tí ilé ìwòsàn ń lò. Ìyẹn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó lè fa oró mọ́ra.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ fi ìka tí ẹ fi aṣọ mímọ́ wé yọ gbogbo ohun tó kù lẹ́nu ọmọ, kí ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kó tu ú dànù. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ já ẹ̀ka kékeré kan tó ní ewé àti èso sínú ọ̀rá, kí ẹ kó èyí tó jẹ kù mọ́ ọn, ẹ wo aago kí ẹ mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá ni a ń wí, èyí tó ní ẹ̀rọ ECG tó ń ṣàfihàn bí ọkàn ṣe ń lù. Kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé kò lè ṣe é. Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Tí mọ́tò bá wà nílẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀ka náà han dókítà, kí ẹ sọ pé oró rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi digoxin. Gbólóhùn yẹn nìkan máa ń dín ìdúró kù, nítorí kì í ṣe gbogbo dókítà ló mọ igi yìí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ digoxin. Wọ́n á wo ìlù ọkàn, wọ́n á yẹ potáṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n lè fún un ní èédú ìwòsàn tí ẹ bá tètè dé. Tí ọkàn bá falẹ̀, oògùn tó ń jẹ́ atropine wà fún un. Oògùn tó ń gbógun ti oró náà gan-an wà pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣe láti fi mú digoxin nínú ara, tí ìwádìí ní Sri Lanka sì fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún olómi-òjò. Ó wọ́n gan-an, kì í sì í wà ní gbogbo ilé ìwòsàn.

Àwọn àmì tí ẹ máa rí ni kí ẹnu máa ta tàbí kó kú tipiri, èébì tí kò dúró, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì, kí ọmọ rẹ̀ wẹ̀sì, kí ìlù ọkàn rẹ̀ má bára mu. Wọ́n lè yọjú láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdàrú ọkàn lè pẹ́ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí ọmọ wà lábẹ́ àmójútó fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bó bá ń ṣeré lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má bá wọn jà láti gbé e lọ sílé.

Bó bá jẹ́ ojú ni oje náà ta sí, ẹ máa da omi mímọ́ tó ń ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tó lọ rí dókítà ojú. Tó bá jẹ́ ara, ọṣẹ àti omi tó.

Ewúrẹ́ mi kì í wo igi yìí rárá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí a gé ọgbà, méjì kú. Ṣé igi náà ni?
— Àgbẹ̀, Ṣakí

Ó ṣeé ṣe gan-an. Ewé tútù korò, ewúrẹ́ tó yó kì í fẹnu kàn án. Nígbà tí ewé bá ti rọ, ẹran máa ń jẹ ẹ́, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko kò sí. Oró rẹ̀ kì í bá omi ewé gbẹ. Ewé gbígbẹ lóró, èyí tí wọ́n sè náà lóró. Ẹran tó jẹ ẹ́ á máa da itọ́, á máa ṣu gbuuru, á rẹ̀ ẹ́, nígbà mìíràn ẹ ò ní rí àmì kankan kó tó ṣubú.

Èyí tó bá kú tàbí tó ń ṣàìsàn, ẹ má dúḿbú ẹ̀ jẹ, ẹ má sì tà á. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Fún èyí tó kù, ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ sì sọ igi tí ẹ fura sí fún un.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá gé ọgbà, kí ẹ̀ka má sùn síta di ọjọ́ kejì. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀, ẹ da yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Ẹ má fi tẹ́ abẹ́ ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀, torí ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gbẹ lè bá ẹ̀fọ́ wọ agbọ̀n láìjẹ́ pé ẹni tó ń já a rí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbí ń ta kóró kan tó máa ń mú kéèyàn fọn. Ó ní láti Brazil ni, ó ní ewéko lásán ni. Mo rí àwòrán rẹ̀, ó jọ kóró ẹnu ọgbà bàbá mi ní Ọ̀tà. Ṣé ojú mi ló ń tàn mí?
— Ọmọ Ọ̀tà ní Houston

Ojú yín lè má tàn yín jẹ. Ìjọba ti kìlọ̀ nípa nǹkan yìí ní orílẹ̀-èdè méjèèjì tí ẹ dárúkọ. Ní Brazil, ní ọdún 2017, Anvisa, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ níbẹ̀, fòfin de títa kóró tí wọ́n ń pè ní noz da Índia fún fífọn, ó sì de chapéu-de-napoleão, ìyẹn olómi-òjò wa yìí, pọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé àwọn tó ń tà á máa ń fi èkejì rọ́pò èkíní. Ní Amẹ́ríkà, ìròyìn jáde ní ọdún 2023 lórí àwọn oògùn tí wọ́n kọ tejocote sí lára, igi kan láti Mẹ́síkò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, olómi-òjò ló wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn nípa irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè fọn lóòótọ́, nítorí pé á máa bì, á sì máa ṣu. Omi ara ló ń lọ, kì í ṣe ọ̀rá. Bí omi ṣe ń lọ ni iyọ̀ ara ń dàrú, ọkàn tí oró ti ń dà láàmú kò sì ní ohun tó máa fi gbé e. Gígé kóró náà kéékèèké kò sọ ọ́ di oògùn. Ẹni tó ń lo digoxin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ dáadáa ló tètè ń rí wàhálà rẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó lọ́dọ̀ yín, kó dáwọ́ dúró lónìí. Tí kò bá ní àmì kankan, ẹ pe iléeṣẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé ní Amẹ́ríkà, 1-800-222-1222, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sántòru ni wọ́n ń gbé e. Tó bá ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń fò, 911 ni kí ẹ pè. Ìgò tàbí ọ̀rá ọjà náà kí ẹ mú dání.

Ṣé a lè fi ẹ̀ka rẹ̀ rin ẹnu tàbí dáná?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Rárá sí méjèèjì. Oje wà nínú ẹ̀ka, ẹnu yín ni ẹ fẹ́ gbé e sí yẹn. Èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú àti ọ̀fun, kò sì yẹ kéèyàn fà á sínú. Ẹ má fi gún ẹran súyà, ẹ má fi ro nǹkan nínú ìkòkò.

Tiwa kò ní òdòdó. A ń gé e lọ́sẹ̀ méjì-méjì kó lè dọ́gba, a ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ewé rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n òdòdó kò sí. Láìpẹ́ yìí, ewé ìsàlẹ̀ tún ń dúdú, èèrà sì ń rìn lórí rẹ̀.
— Olùtọ́jú ọgbà, Ìkẹjà

Ohun méjì tí ẹ rò pé ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀ ló ń fa àìní òdòdó. Orí ẹ̀ka tuntun ni olómi-òjò ti ń yọ òdòdó, ní ṣóńṣó rẹ̀. Tí ẹ bá ń gé ṣóńṣó lọ́sẹ̀ méjì-méjì, òdòdó tó fẹ́ yọ ni ẹ ń gé dànù. Ẹ gé e dáadáa lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí ẹ mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Èyí tó bá yọ síta jù nìkan ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn. Ìgbẹ́ adìyẹ ní nitrogen púpọ̀, ewé ló ń bọ́. Ẹ dá a dúró fún àkókò òjò kan, ilẹ̀ yín á ṣì ní oúnjẹ tó tó. Oòrùn náà ńkọ́? Tí ògiri tàbí igi máńgòrò bá bò ó tí kò fi rí oòrùn tààrà fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ìgbìyànjú tó kù kò ní fi bẹ́ẹ̀ so èso. Èyí tí ẹ fi kóró gbìn sì lè tó ọdún kan àbọ̀ kó tó tanná.

Ewé tó ń dúdú àti èèrà ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kòkòrò kéékèèké tó funfun bí òwú tàbí tó le bí ìpẹ́ ẹja ló wà lábẹ́ ewé, wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu, wọ́n ń ya omi aládùn. Èèrà wá mu omi aládùn yẹn, ebu dúdú sì hù lórí èyí tó kù. Ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí tíì 1, mọ́ lítà omi 1, kí ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má fọ́n ọn nígbà tí oòrùn ń ràn, ewé á jó. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú: tí omi bá ń dúró nídìí rẹ̀ lẹ́yìn òjò, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, kò sí ọṣẹ tó máa wo ìyẹn. Ọ̀dá kò ṣe igi yìí ní nǹkan tó bí omi àdágún ṣe ń ṣe é.

A ti pinnu láti hú tiwa. Báwo ni a ṣe máa ṣe é, kí la sì lè gbìn dípò rẹ̀?
— Ìdílé kan ní Àkúrẹ́

Ẹ mú àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọmọ àti ẹran wà nínú ilé. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, aṣọ alápá gígùn àti jígí ojú ṣe pàtàkì, torí oje máa ń fọ́n tí àdá bá bà á. Èso ni kí ẹ kọ́kọ́ ká, kí ẹ tó gé ẹ̀ka, nítorí tí igi bá ṣubú, èso á fọ́n káàkiri, ẹ ò sì ní rí gbogbo rẹ̀ kó. Ẹ kó wọn sínú àpò méjì tó wọnú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé ẹ̀ka, kí ẹ sì fi bíi ààbọ̀ mítà sílẹ̀ lára ìdí igi láti fi mú un nígbà tí ẹ bá ń hú u. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí ìdí rẹ̀, ẹ gé gbòǹgbò tó bá jáde, ẹ mì í títí tó fi máa yọ. Ìdí tí ẹ gé tí ẹ kò hú á tún rú. Ẹ má sun ún. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí a ṣe sọ fún àgbẹ̀ Ṣakí. Ẹ fi ọṣẹ fọ àdá àti ọwọ́. Nígbà tí òjò bá dé, ẹ máa rìn káàkiri ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọmọ igi tuntun á máa hù láti inú kóró tó sá pamọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á nígbà tó ṣì kéré.

Ní ti ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀, Hibiscus olódòdó, ìbátan ìṣapá, ló rọrùn jù: ẹ gé ẹ̀ka tó tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ ri ìdajì rẹ̀ sínú ilẹ̀ nígbà òjò, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 wà láàárín wọn. Ixora rẹwà jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í yára dàgbà, kò sì fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ ògiri tuntun. Sìmẹ́ńtì tó ń jò sínú ilẹ̀ máa ń mú kí ewé rẹ̀ di yẹ́lò kí iṣan ewé sì ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn, ẹ sún un kúrò lẹ́bàá ògiri. Tó bá jẹ́ òdòdó yẹ́lò lẹ ṣì ń fẹ́, Tecoma stans ni, mítà kan sí mítà kan àbọ̀ sí ara wọn, torí ó máa ń fẹ̀.

Ẹ má bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan kó sọ́wọ́ èkejì. Lápálápá tí wọ́n fi ń ṣọgbà, kóró rẹ̀ máa ń mú ọmọdé bì kíkankíkan. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lẹ̀, èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n kò dára, ewé rẹ̀ sì máa ń ba ẹ̀dọ̀ màlúù àti àgùntàn jẹ́. Igi tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń pè ní yellow bush, ìyẹn Duranta, wà ní iwájú ilé púpọ̀ ju gbogbo wọn lọ, èso rẹ̀ tó ṣe róbótó, tó yẹ́lò, tó sì máa ń so jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, lóró fún ọmọ àti ajá. Èyí tí wọ́n ń gé déédéé kì í sábà so. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé tí kò sẹ́ni tó ń gé e ni kí ẹ lọ wò.